Bí Tísà Àtinúkẹ́ Ṣe La Ọ̀nà sí Ojúde

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni Àtinúkẹ́ Ọláwuyì fi kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì. Ìlọ́fà ló ti bẹ̀rẹ̀, kó tó wá sí Òsì níbi tí ọkọ rẹ̀ ti jẹ́ ọmọ onílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti di bàbá ọlọ́mọ báyìí ní gbogbo agbègbè yẹn ló ṣì ń pè é ní Tísà, bí ẹni pé kò ní orúkọ mìíràn. Bó bá fẹ́ ya ilẹ̀ Áfíríkà sójú pátákó, kì í wo ìwé. Yóò mú ṣọ́ọ̀kì, yóò bẹ̀rẹ̀ láti Mòrókò, yóò máa bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ lọ, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì yí ká gbogbo etí òkun padà dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ láì ṣi ibì kankan.

Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Gúlókómà ni dókítà pe àrùn náà. Kò dùn ún, kò ta á. Ńṣe ló kàn ń fa ayé sẹ́yìn lọ́tùn-ún àti lósì, bí ẹni ń fa kọ́tínnì pa dé, títí ó fi ku ihò kékeré kan níwájú, tí ihò náà sì dí. Ó ṣì kọ́ni fún sáà méjì lẹ́yìn náà. Orí ló fi ń kọ́ wọn. Nígbà tó yá, wọ́n fún un ní àga kan ní yàrá àwọn olùkọ́, wọ́n ní kó máa sinmi. Ó sinmi títí ìsinmi fi sú u, ó wá kọ̀wé pé òun ti fẹ̀yìn tì.

"Mi ò fọ́jú kí n lè jókòó," ló sọ fún ọkọ rẹ̀.

Gideon ni orúkọ ọkọ rẹ̀, àgbẹ̀ iṣu àti kajú, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í pẹ́ rẹ́rìn-ín. Òun ló mú un lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn afọ́jú níṣẹ́ ní ìlú ńlá. Oṣù mẹ́fà ni Tísà lò níbẹ̀. Ó kọ́ bí a ti ń fi ọ̀pá rìn, ó kọ́ bí a ti ń tẹ̀wé láì wo bọ́tìnnì, ó sì kọ́ bí a ti ń lo kọ̀ǹpútà tí ń ka ohunkóhun tó bá wà lójú rẹ̀ sókè. Lóòótọ́, kọ̀ǹpútà náà a máa ka Yorùbá bí òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n etí Tísà mọ́ ọn lára. Nígbà tó fi padà dé Òsì, kò sí akọ̀wé kan ní ọ́fíìsì káńsù tó lè bá a díje nídìí títẹ̀wé.

Ohun tí kò bá a padà dé ni ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn ìsìn, ẹnì kan yóò gbé omi dé, yóò sì kọjú sí Gideon pé, "Ṣé Tísà máa mu omi?" Tísà yóò sì wà níbẹ̀, ó dúró ti ọkọ rẹ̀, ó ń gbọ́. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ wá kí i ní oṣù àkọ́kọ́ títí dé oṣù kẹta. Lẹ́yìn náà ó di ọdún Kérésì sí ọdún Kérésì. Wọn kò kórìíra rẹ̀. Wọn ò kàn mọ ohun tí wọ́n lè bá a sọ mọ́ ni.

Bẹ́ẹ̀ ló wà títí Fikáyọ̀, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Àbújá, fi pè é lórí fóònù ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan.

"Màmá, ibì kan wà lórí ẹ̀rọ ayélujára tí mo fẹ́ kí ẹ dé. Ojúde ni wọ́n ń pè é."

"Ojúde ta ni?"

"Ojúde àwọn àkàndá ẹ̀dá. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́, adití, afọ́jú, gbogbo wọn ló ń pàdé níbẹ̀, Yorùbá ni wọ́n sì ń sọ. Ilé wà níbẹ̀, igi wà níbẹ̀. Ẹni tó bá wọlé, àwòrán kan ló máa dúró fún un. Ohun tí ẹ bá tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà yín ni àwòrán yín á ṣe, bí ẹ ní kó rìn, bí ẹ ní kó jókòó."

"Àwòrán? Fikáyọ̀, èmi wo ló fẹ́ wo àwòrán?"

"Màmá, ẹ kàn dé ibẹ̀ ná. Bí kò bá dùn mọ́ yín, ẹ jáde."

Tísà dé ibẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ó fi íápíìsì sétí, ó tẹ bọ́tìnnì tí Fikáyọ̀ ní kó tẹ̀. Kọ̀ǹpútà sọ pé, "Ògiri." Ó yí sọ́tùn-ún. "Ògiri." Ó rìn síwájú. "Àga. Ògiri." Ó padà sẹ́yìn. "Ògiri." Ogójì ìṣẹ́jú ló fi rin ìrìn yìí. Ó ti ń wá bọ́tìnnì tí yóò fi jáde nígbà tí ohùn ọ̀dọ́mọbìnrin kan dún sí i létí.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ma. Ṣé ẹ̀yin lẹ wà nínú ògiri gbọ̀ngàn?"

"Ṣé inú ògiri ni mo wà?"

"Ìlàjì yín wà nínú ògiri, ìlàjì wà níta."

Ẹ̀rín pa Tísà débi tí Gideon fi sáré wọlé wá wò ó. Ó ti pẹ́ tí ẹni tí kò mọ̀ rí ti bá òun fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ láì kọ́kọ́ bi ẹlòmíràn.

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà ni Ọpẹ́olúwa, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tó ń gbé Ìlọrin. Ìjàǹbá ọkọ̀ ló rọ ọ́ lẹ́sẹ̀ nígbà tó wà ní yunifásítì, òun ló sì dá Ojúde sílẹ̀, tó kọ́ àwọn ilé rẹ̀. Kò sí àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ní gbogbo ibẹ̀. Àwòrán tirẹ̀ náà, orí kẹ̀kẹ́ ló wà. Àwọn kan ti bi í rí pé nígbà tó jẹ́ pé òun ló ń yàn án, kí ló dé tí kò yan èyí tó ń fi ẹsẹ̀ rìn. Èsì rẹ̀ ni pé, "Bí mo bá fi ẹsẹ̀ rìn wá bá yín, ta ni ẹ fẹ́ pè é?"

Èèyàn méjìlélógún ló wà ní Ojúde nígbà náà. Bí wọ́n bá pàdé, ìwé ni gbogbo wọn fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyè ohùn wà: ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ yóò tẹ̀ ẹ́, yóò sì hàn sójú kọ̀ǹpútà gbogbo ará. Ìyẹn bá Tísà lára mu, torí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń kà á fún un. Ohun tí kò bá a lára mu ni ìrìn. Ó gbọ́ pé afọ́jú mẹ́ta ti wá ṣáájú òun, pé ògiri ló lé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ.

Ó sọ fún Ọpẹ́olúwa pé, "Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ojúde tí mi ò lè sọdá, fọ́tò lásán ni. Fọ́tò ò sì wúlò fún mi."

Ọpẹ́olúwa bi í pé, "Kí ni ká wá ṣe, ma?"

"Báwo lo rò pé mo ṣe ń rìn ní Òsì? Bí mo bá jáde nílé, ẹ̀rọ ìlọta ń dún lọ́wọ́ ọ̀tún. Bí ohùn rẹ̀ bá ti bọ́ sẹ́yìn mi, mo ti dé ìkòríta nìyẹn. Pọ́ǹpù omi á máa han níwájú. Tí mo bá gbọ́ oyin tó ń kùn nínú igbá lẹ́bàá ògiri, mo ti dé ilé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Etí mi ló ń ya máàpù fún mi."

"A lè fi ohùn síbi kan nínú Ojúde," ni Ọpẹ́olúwa wí, "kó máa ròkè bí èèyàn bá ṣe ń sún mọ́ ọn. Kò le. Ṣùgbọ́n níbo la ti máa rí ohùn?"

"Ohùn? Òsì kún fún ohùn."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Tísà àti Gideon fi rìn kiri Òsì, wọ́n dé Ìsólò-Ọ̀pin pẹ̀lú, fóònù lọ́wọ́, wọ́n ń gba ohùn sílẹ̀. Wọ́n gba ohùn rímù ọkọ̀ tí wọ́n ń lù bí aago ní ilé ìwé. Wọ́n gba ohùn awó, ìyẹn ẹtù, tó ń ké lórí òrùlé, àti ti ayùn káfíńtà. Ìdààmú kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni Gideon. Kò lè rí èèyàn kó má kí i. Bí wọ́n bá ti ń gba ohùn kan lọ dáadáa, wọ́n á kàn gbọ́ "Ẹ kú iṣẹ́ o!" láàárín rẹ̀, ó ti bà á jẹ́.

"Bàbá Fikáyọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kí ẹnikẹ́ni fún ìṣẹ́jú kan péré."

"Kí n kọjá lára èèyàn ní Òsì kí n má kí i? Wọ́n á ní kí ni wọ́n ṣe fún mi." Ó nu òógùn ojú. "Ó tó gẹ́ẹ́ lónìí, jẹ́ ká lọ ulé." Báyìí ló ṣe ń sọ ọ́, ulé, bí àwọn bàbá rẹ̀ ti ń sọ ọ́.

Nígbẹ̀yìn, Tísà mú ọ̀kan nínú àwọn ìkíni náà, ó ní kí Ọpẹ́olúwa fi í sí ẹnu ọ̀nà Ojúde. Ẹni tó bá ti wọlé, Gideon á kí i.

Màmá Prosper, obìnrin tó ni ẹ̀rọ ìlọta, kò kọ́kọ́ gbà. "Tísà, ẹ dúró kí wọ́n tún un ṣe ná. Ó ti ń han láti ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ pé ẹ̀rọ mi ń han?"

"Híhan yẹn gan-an ni mo bá wá. Kò sí ẹ̀rọ mìíràn tó ń han bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ kò ní ṣìnà."

Màmá Prosper rò ó wò. "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n rọ epo sí i kó lè han dáadáa."

Ní Sátidé tí wọ́n ṣí ọ̀nà tuntun náà, afọ́jú mẹ́jọ ló wá. Wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà. Tísà sọ fún wọn pé, "Ẹ fi ẹ̀rọ ìlọta sọ́wọ́ ọ̀tún yín, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ pọ́ǹpù. Gbọ̀ngàn ti wà lẹ́yìn pọ́ǹpù." Ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jímọ́ọ̀, tó ti Èrúkù wá, rìn díẹ̀, ó dúró gbagidi.

"Ẹ dúró ná! Ẹ̀rọ Màmá Prosper kọ́ lèyí? Mo ti lọ àgbàdo níbẹ̀ rí kí ojú mi tó lọ!"

Àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló dé gbọ̀ngàn láì kan ògiri. Jímọ́ọ̀ tilẹ̀ padà sẹ́nu ọ̀nà, ó tún rìn ín lẹ́ẹ̀kejì, ó ní torí pé ó wu òun ni. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe Tísà ní Sọ́féyọ̀, ẹni tí ń wọn ilẹ̀. Ìròyìn tàn, àwọn afọ́jú ń wá láti Ìbàdàn, láti Kàbà, láti ibi gbogbo. Bí wọ́n sì ti ń pọ̀ sí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu sọ̀rọ̀, nítorí íápíìsì ti wà létí gbogbo wọn, ẹnu sì yá ju ọwọ́ lọ. Ìpàdé wá dùn gan-an. Ẹ̀rín ń sọ, orin ń sọ. Tísà gbà pé iṣẹ́ náà ti yọrí.

Oṣù kẹta lẹ́yìn náà ni ìwé kan hàn sójú kọ̀ǹpútà gbogbo ará, ní àárín ìpàdé. Mùhísínì ló kọ ọ́. Aránṣọ ni Mùhísínì, ní Òmù-Àrán. Ibà kan tó ṣe é ní kékeré ló mú etí rẹ̀ méjèèjì lọ. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dé Ojúde. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe igi ńlá tó wà láàárín rẹ̀ àti àwọn bẹ́ǹṣì abẹ́ igi. Ohun tó kọ nìyí:

"Ẹ̀yin ará Ojúde, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni mo ti ń jókòó lábẹ́ igi yìí. Mo ń rí yín tí ẹ ń kóra jọ. Mi ò mọ ohun tí ẹ ń sọ. Tẹ́lẹ̀, gbogbo wa la ń kọ̀wé, mo sì ń kà á. Láti ìgbà tí ohùn ti dé, ẹnu lẹ fi ń sọ̀rọ̀. Àwa adití márùn-ún la wà níbí. Kò sí ẹni tó béèrè wa."

Kọ̀ǹpútà ka ìwé náà sí Tísà létí pẹ̀lú ohùn òyìnbó rẹ̀. Gbogbo ìrìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, gbogbo oòrùn yẹn! Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí bọ́tìnnì kó tó rò ó.

"Ṣé kí àwa tí a ò ríran padà sínú ògiri ni ẹ ń sọ?"

Èsì dé kíákíá. "Mi ò ní kí ẹ padà. Ẹ ti jáde nínú ògiri, ó dáa. Ẹ má wá fi ògiri náà mọ mí sí i."

Lẹ́yìn ìyẹn, àwòrán Mùhísínì dìde lábẹ́ igi, ó jáde. Kò wá ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Àwọn adití yòókù náà kò wá.

Tísà ń kùn fún ọjọ́ mélòó kan. Ó ń kùn nídìí iná, ó ń kùn nígbà tó ń ká aṣọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òun àti Gideon ń já hóró kajú kúrò lára èso rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Gideon jẹ́ kó sọ tán. "Ohun tí ọkùnrin yẹn kọ, ṣé irọ́ ni?"

"Kì í ṣe irọ́. Bó ṣe kọ ọ́ ni mi ò fẹ́."

"Níjọ́sí, ìwọ náà sọ fún ọmọ Ìlọrin yẹn pé fọ́tò lásán ni gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀."

Tísà já hóró kajú bí ogún sí i. Ohun tó wá ń dùn ún kì í ṣe ọ̀rọ̀ Mùhísínì mọ́. Ó mọ bó ṣe máa ń rí kí èèyàn dúró síbì kan kí ọ̀rọ̀ máa gba orí rẹ̀ kọjá. Ó mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ ní Ojúde, síbẹ̀ òun gan-an ló ṣe é fún ẹlòmíràn, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu.

Ó fọ ọwọ́, ó wọlé, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ kan, ó pa á rẹ́, nítorí ó dà bí ìwé tí ọ̀gá ilé ìwé ń kọ sí àwọn òbí. Ó wá kọ èyí: "Arákùnrin Mùhísínì, mo ṣẹ̀ yín. Mo la ọ̀nà, mi ò wẹ̀yìn wo ẹni tí mo fi sílẹ̀. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ bi yín, ìbéèrè tísà ni, ẹ má bínú. Bí ẹ bá dé ẹ̀rọ ìlọta, tí ẹ ò sì gbọ́ ọ, kí ló máa sọ fún yín pé ẹ ti dé?"

Ó di ìrọ̀lẹ́ kí èsì tó dé.

"Ilẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sọ fún mi," ni Mùhísínì kọ. "Tó bá ku bí ogún ìgbésẹ̀, ilẹ̀ á ti máa gbọ̀n wọ àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Lẹ́yìn náà màá rí bẹ́líìtì tó ń sáré tó sì ń jó. Ìyẹ̀fun á ti bo ìpéǹpéjú ẹni tó ń lọ nǹkan, ọmọge á dà bí arúgbó. Àwọn adìẹ á wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ṣa ohun tó dànù. Bí ẹ̀rọ bá fẹ́ kú, èéfín rẹ̀ á dúdú, gbogbo àwọn tó dúró á gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan náà."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Tísà ní kí kọ̀ǹpútà kà á. Láti ọdún mẹ́sàn-án, ojoojúmọ́ ló ń gbọ́ ẹ̀rọ náà, ó sì ti gbàgbé ìyẹ̀fun ojú ọmọge. Ó pe Gideon. "Bàbá Fikáyọ̀, ṣé lóòótọ́ ni àwọn adìẹ ṣì máa ń wà níbẹ̀?"

"Wọ́n pọ̀ níbẹ̀ bí eṣú."

Báyìí ni iṣẹ́ kejì ṣe bẹ̀rẹ̀. Mùhísínì padà wá, ó ní òun náà sọ̀rọ̀ gbóná jù. Òun àti Tísà ló jọ ṣe é fún oṣù méjì, tí Ọpẹ́olúwa ń fi ohun tí wọ́n bá ṣe sáyè rẹ̀. Níbikíbi tí ohùn kan bá wà, Mùhísínì fi ohun tí ojú lè rí síbẹ̀: bẹ́líìtì tó ń jó, omi tó ń ta sókè lẹ́nu pọ́ǹpù, àwọn oyin tó ń yí ká igbá. Lẹ́yìn náà ó kọ ìwé kúkúrú sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìwé náà ni kọ̀ǹpútà àwọn afọ́jú ń kà fún wọn. Àwọn afọ́jú tó ti ń fi etí rìn tẹ́lẹ̀ wá ń dúró lójú ọ̀nà kí wọ́n lè gbọ́ ohun tí aránṣọ Òmù-Àrán kọ nípa awó.

Ọ̀rọ̀ ìpàdé ló ṣòro jù. Ọpẹ́olúwa rí ẹ̀rọ kan tó ní ó lè máa kọ ohun tí èèyàn bá fi ẹnu sọ. Wọ́n ní kí Tísà dán an wò. Tísà sọ pé, "Ọkọ mi wà lóko, ó ń wá ọkọ́." Ẹ̀rọ náà kọ ọ́ pé, "Ọkọ̀ mi wà lóko, ó ń wá ọkọ."

Mùhísínì kọ̀wé lójú ẹsẹ̀: "Tísà, ẹ bá wa wádìí irú ọkọ tí ọkọ̀ yín ń fẹ́. Mo ní ẹ̀gbọ́n kan tí kò tíì gbéyàwó."

Ọjọ́ yẹn, ẹ̀rín kò jẹ́ kí wọ́n ṣe ìpàdé, adití àti afọ́jú ló sì jọ rín in. Wọ́n pa ẹ̀rọ náà tì. Wọ́n fẹnu kò pé bí ẹnì kan bá fi ẹnu sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé e títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi di kíkọ, àti pé bí adití bá kọ̀wé, gbogbo ẹnu yóò dákẹ́ kí wọ́n kà á. Tísà gbà láti máa kọ ọ́, torí ọwọ́ rẹ̀ ló yá jù. Àwọn kan kùn pé ìpàdé ti falẹ̀ jù.

"Ẹni tó bá ń kánjú," ni Tísà wí, "kó kọ ọ́ fúnra rẹ̀."

Nígbà tí kajú tún pọ́n, Mùhísínì fi ìwé ránṣẹ́ pé òun fẹ́ wá fojú ara òun rí ẹ̀rọ ìlọta tí òun ti ń yà láti ẹnu ẹlòmíràn. Ó dé Òsì ní nǹkan bí aago mọ́kànlá òwúrọ̀, téépù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Gideon lọ pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀, ó sì ń pariwo mọ́ ọn láti ibẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà ilé. "Ẹ KÁÀBỌ̀! ṢÉ Ọ̀NÀ DÁA?"

"Bàbá Fikáyọ̀," ni Tísà ké láti inú ilé, "adití ni wọ́n, wọn ò sí lódìkejì odò."

Tísà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó sọ pé, "Ẹ káàbọ̀, àbúrò mi." Mùhísínì kò gbọ́. Mùhísínì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀. Tísà kò rí i. Àwọn méjèèjì dúró bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ń retí ohùn, ẹnì kejì ń retí ojú. Ó ti lé ní ọdún kan tí wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, àfi ìgbà tí wọ́n wá dúró kan ara wọn yìí ni ọ̀rọ̀ kò lè kọjá. Gideon ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, kò mọ ẹni tí yóò ràn lọ́wọ́.

Lẹ́ẹ̀kan náà ni àwọn méjèèjì ki ọwọ́ bàpò, tí wọ́n yọ fóònù. Ti Tísà dún ní ọwọ́ rẹ̀, ó ka ọ̀rọ̀ jáde: "Mo ti dọ̀bálẹ̀ o, ma. Ilẹ̀ yín gbóná."

"Ẹ dìde, ẹ dìde!" ni Tísà tẹ̀ padà, ẹ̀rín ń mì í lára.

Wọ́n lọ sí ẹ̀rọ ìlọta. Mùhísínì mú ọwọ́ Tísà, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé òpó ilé ẹ̀rọ náà, kó lè mọ bó ṣe ń gbọ̀n. Màmá Prosper ń wò wọ́n, tí wọ́n dúró ti ara wọn, tí olúkúlùkù ń tẹ fóònù tirẹ̀, kò sì lè pa á mọ́ra.

"Tísà, ẹ̀yin méjèèjì ò wá lè bá ara yín sọ̀rọ̀ ni?"

"À ń sọ ọ́ láti àárọ̀, Màmá Prosper. Àríyànjiyàn tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀."

Àríyànjiyàn ni lóòótọ́. Mùhísínì ní ọwọ́ òsì ni bẹ́líìtì wà, pé ọ̀tún ni Tísà sọ fún òun. Tísà ní ẹ̀yìn ilé ni òun dúró sí nígbà tí òun gba ohùn rẹ̀. Wọ́n yí ilé ẹ̀rọ náà po lẹ́ẹ̀mejì kí Tísà tó gbà pé Mùhísínì jàre. Wọ́n tún un ṣe ní Ojúde ní ọjọ́ kejì.

Èèyàn mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló wà ní Ojúde báyìí. Ní ọdún yìí, Tísà gbọ́ pé bí ẹ̀kọ́ máàpù bá dé ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé, wọ́n máa ń ní kí ọmọ tí kò ríran jókòó jẹ́ẹ́ títí wọn yóò fi ṣe é tán. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó gba ilẹ̀ òfìfo kan lẹ́yìn gbọ̀ngàn Ojúde lọ́wọ́ Ọpẹ́olúwa, òun àti Mùhísínì sì tẹ́ gbogbo Odò Ọya sí i, láti orí òkè tó ti sun ní Gínì títí dé òkun, pẹ̀lú Odò Bẹ́núé tó dà pọ̀ mọ́ ọn. Níbi tí omi bá ti kéré, ohùn rẹ̀ a máa dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Níbi tó bá ti fẹ̀, a máa hó. Àwọ̀ omi náà ń yí padà bó ṣe ń lọ, gbogbo ìlú etí odò ló sì ní ìwé tirẹ̀.

Ọmọ mọ́kànlá ló ń wá sí kíláàsì tí Tísà ń kọ́ níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, afọ́jú méje àti adití mẹ́rin. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n rin láti Jẹ́bà dé Lọ́kọ́ja, níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé. Tísà ní kí wọ́n dúró kí wọ́n mọ èyí tó ń lọ sí òkun. Alimat, ọmọbìnrin kan láti Ìlọrin tí kò ríran láti kékeré, kò dúró. Ó gbá ọ̀nà Bẹ́núé mú, ó ń lọ.

"Ma, Alimat ti ṣìnà o," ni ọ̀kan nínú àwọn adití kọ̀wé.

"Ẹ jẹ́ kó máa lọ," ni Tísà kọ padà. "Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Mákúdì. Bó bá dé ibẹ̀, ó máa sọ fún wa bí ibẹ̀ ṣe rí."